Àwòrán Inú Ẹ́ńjìnnì Onígíláàsì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ òun òwú. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Mo gba lẹ́tà yín lówùúrọ̀ àná. Inú ọkọ̀ ni mo ti kà á, mo sì kà á títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà, mo sì ń rẹ́rìn-ín nìkan lójú títì bíi wèrè.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi nítorí pé àwọn oníbàárà tó ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ yín ń bi yín, ó sì ti rẹ̀ yín láti máa sọ pé "iṣẹ́ ìwé ni." Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ṣẹ́, kábúrétọ̀ ló máa ń po epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kí wọ́n tó jọ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn tuntun, nọ́sù kékeré kan ló ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, ihò tí iná ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, inú ibẹ̀ ni òun àti afẹ́fẹ́ á ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pò pọ̀, torí pé iná ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ibi tí epo bá ti pọ̀ jù á rú èéfín dúdú. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù, iná ò ní ràn. Èmi ni mò ń wọn bí wọ́n ṣe pò pọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ò sí nínú ọkọ̀ kankan. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, a máa sáré látàárọ̀, kì í lọ síbì kankan.

Ariwo rẹ̀ pọ̀, mo máa ń di etí mi. Ọ̀gá mi ń jókòó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tó bá fẹ́, á kọ ọ́ sí mi. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì sọ fún un ò ju "ẹ ṣeun" lọ. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, iṣẹ́ náà dára.

Àlàáfíà ni ọkọ mi wà. Ó ní kí n kí yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹ́ńjìnnì tí kì í lọ síbì kankan. Ara mi le. Orúnkún kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, a jọ ń fà á lọ.

Mo ka àlàyé rẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé torí kábúrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Kábú. Ó ní ẹ̀yin lẹ ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó ní nígbà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń pàdé níta, òun lè fi ìka méjì àti túnẹ́fáìsì parí ìjà wọn, ṣùgbọ́n ẹ ti lọ kó wọn sí ibi tí ojú kò tó, ẹ wá ń gba owó oṣù láti máa wá wọn. Ó bínú gan-an. Ó bínú títí oúnjẹ fi dé.

Èmi kò lóye tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo lóye ni "ẹ ṣeun" tí ò ń sọ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òun kì í bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Ìkíni rẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá kò kọ ìlà kan sí mi fúnra rẹ̀. N kò bínú o. Bí mo bá ń bínú, wàá mọ̀.

Kábú ra fóònù fún mi. Mo gbé e sínú àpótí. Ohùn inú fóònù á dé, á sì lọ, n kò ní rí i dì mú. Lẹ́tà rẹ ni mo lè tún kà lọ́jọ́ tí ilé bá dá, ilé sì ń dá gan-an láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ. Torí náà kọ̀wé sí mi, má ṣọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bi ọ́, n ó tún bi ọ́, n kò sì ní pariwo. Ọdún karùn-ún rèé tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Ṣé kò tíì sí nǹkan kan? Bó bá wà, wí fún mi. Bí kò bá sí, wí fún mi náà, n ó dákẹ́ ẹnu mi. Sì fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ kí n wò ó bóyá o sanra. Èyí tó wà lára ògiri ti pẹ́ jù, àwọn oníbàárà mi rò pé ọmọ ilé ìwé ni ọ́.

Ìyá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú sùúrù. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú, ọkọ̀ tó ń kó wa relé ti ń dúró dè mí nísàlẹ̀. Ẹ ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ wo èyí tí mo fi sínú àpò ìwé yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tó rí i bó ṣe yẹ kí n rí i. Inú mi dùn gan-an, mi ò sì rí ẹni sọ fún. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Màá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo bá ráyè jókòó.

Ọkọ mi ní kí n kí yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi, ìyá ọmọ,

Mo ti sunkún, mo ti rẹ́rìn-ín, mo tún ti sunkún. Kábú ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀ kí n dúró tì í.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. Irú ìròyìn yìí, o wá kọ ìlà mélòó kan péré? Àmọ́ mo mọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa há sí èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Mo bi ọ́ léèrè, o sì fi àwòrán dá mi lóhùn, ó tó.

Bí mo ṣe fà á yọ ni mo ti mọ̀. Ó rí roboto, ó dúdú, ohun funfun náà ká jọ sí àárín rẹ̀, nọ́ńbà àti déètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé èmi kò mọ̀ ọ́n ni? Ṣebí àwọn tó ń wá rán aṣọ olóyún lọ́dọ̀ mi máa ń fi tiwọn hàn mí kí n tó wọn ìdí wọn. Mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì. Kò rí awò ojú rẹ̀, ó wá a títí, ó ní kò burú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní orí rèé, ẹ̀yìn rèé, ọmọ yìí ti ń ta ẹsẹ̀. Ó ní ó tó oṣù mẹ́rin. Kábú ní orí rẹ̀ jọ ti bàbá yín. Mo ní kó má fi òkú ṣeré, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, mo tún wò ó, ó sì jọ ọ́ díẹ̀.

Mo ti rán aṣọ mẹ́fà. Mo fi òwú rírọ̀ rán wọn, mo sì yí ojú rírán síta kó má baà máa ha á lára. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀bi rẹ ni, ìwọ lo fún mi ní ohun tí mo lè gbé dání.

Gbọ́ èyí dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mò ń bọ̀. Kábú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá ìwé ìrìnnà. N kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò wẹ ọmọ náà? Ṣé ìwọ tó jẹ́ pé bí mo bá gbé ọmọlangidi fún ọ ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ lo máa ń dì mú? Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó gbé ọ kúrò nídìí ariwo yẹn. Máa jẹun. Bá mi fi ọwọ́ ra ikùn rẹ.

Ìyá àgbà


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé lẹ́tà a máa pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n èyí pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ní ó ń rẹ àwọn olóyún, kí n fi ọ́ sílẹ̀. Mo ti fi ọ́ sílẹ̀, n kò sì rí oorun sùn.

Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Ṣé torí pé mo sọ fún àdúgbò ni? Bó bá jẹ́ ọkọ rẹ ni kò fẹ́ kí n wá, kó kọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, n ó gbọ́. Àwọn oníwèé ìrìnnà ti dá wa lóhùn, wọ́n fẹ́ rí mi ní ọ́fíìsì wọn ní ìparí oṣù kẹfà. Kábú ti ń kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ jù. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn á le.

Kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Kọ "ara mi le," kí o sì fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wà nítòsí, ẹ ní kó jókòó tì yín.

Àwòrán yẹn kì í ṣe ọmọ. Inú ẹ́ńjìnnì ni.

Ògiri sìlíńdà ẹ́ńjìnnì tí mò ń bá ṣiṣẹ́, gíláàsì ni. Orí písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ náà, gíláàsì ni, kí a baà lè rí inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. A máa ń fi èròjà díẹ̀ sínú epo. Bí ìtànṣán iná lésà bá kàn án, á tàn. Màá pa gbogbo iná yàrá, màá jókòó sínú òkùnkùn, kámẹ́rà á ya epo náà bó ṣe ń wọlé. Ibi tó bá funfun jù ni epo pọ̀ sí, ibi tó bá dúdú jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Ká tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìmọ́lẹ̀ báyìí túmọ̀ sí epo báyìí, a ó kọ́kọ́ ya èyí tí a ti pò dọ́gba láti ìta, tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, òun ni a ó fi wé ìyókù. Gíláàsì náà kì í pẹ́ dọ̀tí. Màá dá ẹ́ńjìnnì dúró, màá tú u, màá nù ún, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ohun funfun tí nọ́ọ̀sì pè ní orí, epo ni. Kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú, ó ti jó tán. Èyí tó tẹ̀lé e ò sì jọ ọ́. Kò sí méjì tó jọra.

Ẹ ní ẹ fẹ́ fọ́tò mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí bí mo ṣe rù. Mo wá ní kí n fi ohun tó dára jù lọ lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí yín. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé ó lè jọ ohun mìíràn. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà yín ni mo tó gbé ẹ̀dà tèmi wò, mo sì rí i bí ẹ ṣe rí i. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo iṣẹ́ mi mọ́ kí n má rí i bẹ́ẹ̀.

Màmá, oyún ti wà rí. Ọdún tó kọjá ni, ó sì ti pé oṣù márùn-ún kó tó bọ́ lára mi. Mi ò sọ fún yín nígbà tó wà, torí mo fẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i kí n tó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú ní ilé ìwòsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. A kò jà. A kàn délé ni, a ò sì mọ ohun tí a lè sọ fún ara wa mọ́. Ó rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi àga kan sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ìkíni rẹ̀ tí ẹ ń gbà, èmi ni mò ń kọ wọ́n. Òun kọ́ ló ní kí n kí yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Omi tó dànù yẹn gan-an ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ mí.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́. Mo kọ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń ya á. Ìtìjú ló fà á, àmọ́ kì í ṣe ìtìjú nìkan. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnìkan ń yọ̀ nítorí mi níbì kan láyé, ó ń ránṣọ, ó ń sọ fún ará àdúgbò. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá jókòó sínú òkùnkùn yẹn. Mi ò fẹ́ kó tán.

Ẹ má wá mọ́. Kò sí ọmọ tí ẹ fẹ́ wá wẹ̀. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ìyá mi,

Mi ò rí èsì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má dákẹ́, ẹ wo bí ẹ ṣe wá dákẹ́ sí mi.

Bó bá jẹ́ pé ojú ń tì yín láàárín àdúgbò, ẹ da gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Ẹ sọ pé mo purọ́. Ẹ bú mi, kí ẹ sì fi èébú náà ránṣẹ́, màá kà á. Lánàá, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún ẹ́ńjìnnì pé màá kọ́kọ́ nu gíláàsì ká tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mo sì dúró díẹ̀, bí ìgbà tí mò ń retí kó dáhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo pẹ́, mo mọ̀. Kì í ṣe ìbínú. Bí mo bá mú bírò, n ó fi sílẹ̀, n ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò ní rán nǹkan kan.

N kò dá ọ lẹ́bi ọ̀rọ̀ àwòrán. Èmi ni mo rí ohun tí mo fẹ́ rí. Nọ́ọ̀sì wá tọrọ àforíjì, ó ní àìsí awò ojú ló fà á, ó sì tún sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti ń rò ó pé orí yẹn tóbi jù. Mo rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ará àdúgbò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ewúrẹ́ ẹnìkan jẹ aṣọ ẹnìkan, wọ́n gbàgbé tèmi. Kábú gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó sì wò ó títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń tú ẹ́ńjìnnì, òun kò rí inú rẹ̀ rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì bú ẹ̀yin onínọ́sù láti ọjọ́ náà. N kò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Ohun tó dùn mí, jẹ́ kí n sọ ọ́ ká lè kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tí kò sí. Ohun tó dùn mí ni pé o dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá, èmi sì jókòó síbí, mò ń rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn, bóyá mo tiẹ̀ ń kọrin. Ìyá ni mí, n kò sì mọ̀. Ara mi kò sọ fún mi. Mo ti bínú sí ara mi yìí títí, mo sì bínú sí ìwọ náà díẹ̀, kí n má purọ́. Ó ti tán.

O ní kí n má sọ èyí tí gbogbo èèyàn ń sọ. N kò ní sọ ọ́. Mo sunkún rẹ̀, bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, ó ku díẹ̀ kí n lọ rí àwọn oníwèé ìrìnnà. Kábú ní ká jáwọ́, pé irọ́ la máa lọ pa níwájú wọn, pé wọ́n lè tì wá mọ́lé. Mo ní kó gbé mi débẹ̀, kó dúró níta bí ẹ̀rù bá ń bà á. Mo wọ aṣọ mi tó dára, mo fi òróró pa orúnkún, mo wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fi síbẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti bí i?"

Mo ní wọ́n ti bí i, àlàáfíà ni wọ́n bí i.

Ó ní, "Ọmọ oṣù mélòó ni?"

Mo ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Òun nìkan ló ń gbé, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀."

Ó wá gbójú sókè. Ó wò mí títí, mo sì wò ó padà. N kò sọ̀rọ̀ jù, Kábú á yangàn. Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó sì lù ú ní òǹtẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ ni ọkọ̀ òfurufú mi máa balẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o wá dúró dè mí, nítorí n kò mọ ọ̀nà.

Ìyá rẹ